Pípè Kọ́ Ló Le, Gígé Ni: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Módẹ́ẹ̀mù, Linux àti Ímeèlì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló le jù nínú kí kọ̀ǹpútà máa fi láìnì tẹlifóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, n kò ní dárúkọ pípè. Nọ́ńbà tí o bá fún módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà pe fóònù, ló máa pè, kò ní jiyàn. Gígé ni iṣẹ́ wà. Ìgbà wo ló yẹ kó gbé fóònù kalẹ̀? Ta ni yóò sọ fún un pé ohun tó wá ṣe ti parí? Bí ohun náà bá kọ̀ tí kò parí ńkọ́? Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ lónìí nípa Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni mo ti kọ́ ọ, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí ọdún 2002 sí 2004.

Ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí tí gígé fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀. Láìnì tẹlifóònù tó so mọ́ ògiri ni à ń lò. Ìbàdàn ni àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa wà, ọ̀nà nǹkan bí 100 kìlómítà, nítorí náà nígbàkúùgbà tí módẹ́ẹ̀mù bá ti gbé fóònù, owó ìpè ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ì báà jẹ́ pé lẹ́tà ń kọjá, ì báà jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ń kọjá, owó ń lọ. Kò tíì sí dátà tí èèyàn ń rà sílẹ̀ nígbà náà.

Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń bá àwọn èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọmọ wọn lókè òkun. Ìyá kan máa ń ti Arówómọlẹ̀ wá, ọmọ rẹ̀ wà ní Houston. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, akọ̀wé wa yóò máa tẹ ohun tó bá sọ. "Kọ ọ́ pé a dúpẹ́. Kọ ọ́ pé òrùlé ti ń jò dé yàrá bàbá rẹ̀. Má kọ ọ́ pé mo sunkún o." Yóò wá dákẹ́, yóò ronú, yóò ní kí akọ̀wé ka ohun tó ti kọ sókè kí òun gbọ́. Orí ìkànnì ímeèlì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ gbogbo èyí tààrà kí n tó dé ibẹ̀, láìnì wà ní ṣíṣí, ìyá ń ronú, Ìbàdàn ń ka ìṣẹ́jú. Bí ìdáhùn bá dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí bébà, wọ́n á ká a, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi pamọ́ sínú àpótí bísíkíìtì kan títí ẹni náà á fi yà wá béèrè.

Díákónì ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá wa. Ọjọ́ tí bíìlì fóònù dé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ àpapọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ, ṣé kò sí bí a ṣe lè kọ lẹ́tà tán ká tó pe Ìbàdàn ni?" Mo ní, "Ó wà, sà." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń fẹ́ ti wà ní ayé kí wọ́n tó bí mi. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Unix, ètò àgbà tí Linux fara wé, ti ń fi fóònù pe ara wọn lóru nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní UUCP, wọ́n á gbé lẹ́tà fún ara wọn, wọ́n á sì gé e. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991, jogún ìwà yẹn: ó mọ bí a ṣe ń to lẹ́tà sílẹ̀ kí ọ̀nà tó là. Debian 3.0, irú Linux kan tí wọ́n ń pè ní woody, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2002, mo sì rí i dà kọ sórí CD lọ́dọ̀ àwọn ọmọ LAUTECH. Kò ná mi ju owó CD lọ. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò lè gbé Windows tuntun mọ́, mo ní kó máa jẹ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn yòókù jíṣẹ́, mo fi wáyà so àwọn kọ̀ǹpútà Windows tí akọ̀wé ń lò mọ́ ọn. Lẹ́tà tí akọ̀wé bá kọ á lọ sọ́dọ̀ sáfà, sáfà á gbà á, á sì dákẹ́ títí di àsìkò ìpè. Ìyá Houston lè wá ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Módẹ́ẹ̀mù tó bá kọ̀ǹpútà náà wá kò ṣiṣẹ́. Inú ló wà, winmodem ni, ìyẹn irú èyí tí wọ́n kó apá ńlá iṣẹ́ rẹ̀ lé sọ́fítíwíà Windows lọ́wọ́ kí owó rẹ̀ lè dín. Linux rí i, ó ń wò ó, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n ń já ọgbọ́n láti mú irú wọn ṣiṣẹ́. Ní tèmi, mo ní kí Díákónì ra ti ìta. US Robotics 56K tòkunbọ̀ ló rà, èyí tó ní okùn serial lẹ́yìn, tí iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tò sí níwájú. Mo ki okùn rẹ̀ bọ COM1, tí Linux ń pè ní /dev/ttyS0, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan.

Lára iná wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n kọ OH sí lábẹ́ ló ń sọ pé módẹ́ẹ̀mù ti gbé fóònù, CD ń sọ pé ó ti gbọ́ ohùn módẹ́ẹ̀mù kejì. Díákónì kò fẹ́ mọ ìyókù. OH nìkan ló kọ́. "Tí ìyẹn bá ti ń tàn, owó mi ló ń jó." Mo fẹ́ fi àṣẹ M0 pa ẹnu módẹ́ẹ̀mù náà mọ́ kí ariwo rẹ̀ má baà máa dí wa lọ́wọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó bá fẹ́ ná owó òun gbọ́dọ̀ pariwo kó tó ná an. Ìdí nìyẹn tí M1 fi wà nínú fáìlì mi, tó ń jẹ́ kó pariwo títí dìgbà tí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tó yá, mo rí i pé Díákónì gbọ́n jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Etí nìkan ni mo fi ń mọ̀ bóyá láìnì dára lónìí tàbí kò dára.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni NO DIALTONE. Mo gbé fóònù, mo gbọ́ ohùn tó ń dún ketekete. Módẹ́ẹ̀mù ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn láìnì Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ irú módẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀, ohùn tí ẹ̀rọ ìlú wa ń dún kò jọ èyí tó mọ̀. Àṣẹ tó wò ó sàn ni X3: má dúró de ohùn kankan, ṣáà pe nọ́ńbà. Ẹ fi X3 yìí sọ́kàn, nítorí ó tún bá wa jà lẹ́yìn náà.

Ohun tó ń bá módẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀ ni ètò kan tó ń jẹ́ chat. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó retí ọ̀rọ̀ kan, kó fèsì, kó tún retí òmíràn, bí ọmọ tó ń kí àgbà tí kò gbọdọ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn títí àgbà á fi dáhùn:

ABORT BUSY
ABORT 'NO CARRIER'
TIMEOUT 90
'' ATZ
OK ATM1X3
OK ATDTnọ́ńbà
CONNECT ''

Láti ìlà kẹrin lọ, apá òsì ni ohun tó ń retí, apá ọ̀tún ni ohun tó máa sọ; AT ló ń ṣáájú àṣẹ tí à ń fún módẹ́ẹ̀mù. TIMEOUT yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni chat máa ń dúró bí o kò bá sọ fún un. Láìnì wa sí Ìbàdàn lè dákẹ́ pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lẹ́yìn náà ni àwọn módẹ́ẹ̀mù méjèèjì á wá máa han síra wọn. Kí 45 tó pé, chat á ti gé e, owó ìpè tí kò wúlò á sì ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ híhan yẹn tún ní tirẹ̀. 56K ni wọ́n kọ sára módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ìlànà eré tí wọ́n ń pè ní V.90. Ṣùgbọ́n V.90 kì í ṣiṣẹ́ àyàfi bí ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì títí dé ẹ̀rọ tẹlifóònù àdúgbò rẹ bá jẹ́ díjítà látòkè délẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù á kọ́kọ́ gbìyànjú V.90, á kùnà, á wá sọ̀ kalẹ̀ sí V.34 tó lọ́ra jù ú lọ, gbogbo àkókò tó fi ń gbìyànjú yẹn sì wà lórí bíìlì. Mo pàṣẹ fún un pé kó má ṣe ìyọnu V.90 mọ́. Ní ọjọ́ tó bá dára a máa ń rí 28,800 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọ inú wáyà lórí òpó, láìnì á máa hó bí ẹni ń dín nǹkan, iye yẹn á sì já wálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni láìnì máa ń mọ́ jù.

Ti orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kò gba àlàyé púpọ̀: inú /etc/ppp/pap-secrets ni wọ́n wà, kí o sì rí i pé ẹlòmíràn kò lè ka fáìlì yẹn. Ìyókù wà nínú /etc/ppp/peers. Debian ní àṣẹ méjì, pon láti pe, poff láti gé. Mo tẹ pon, a wọlé. Mo tẹ poff, a jáde. Díákónì ní kí Ọlọ́run bùkún mi.

Nígbà náà ni mo wá fẹ́ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Àwọn ìwé ìtọ́ni tí mo kà yin ohun kan tó ń jẹ́ demand. Bí o bá kọ ọ́ sínú fáìlì pppd, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lórí láìnì fóònù, kò ní pe ẹnikẹ́ni títí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé á fi fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ síta. Lójú ẹsẹ̀ ló máa pe Ìbàdàn. Bí o bá fi idle 120 tì í lẹ́yìn, bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí nǹkan kan kò rìn lórí láìnì, á gé e. Lórí bébà, ta ni yóò rí èyí tí kò ní fẹ́ ẹ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé wa ṣílẹ̀kùn, kò tíì tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tán tí módẹ́ẹ̀mù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà. Ó gé e. Ó tún pè. Akọ̀wé ní, "Bọ̀dá, ta ló ń pè é?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo jókòó ti tcpdump, ètò tó ń fi gbogbo ohun tó ń kọjá lórí wáyà hàn, mo ń wò ó. Àwọn kọ̀ǹpútà Windows wa ni. Windows ìgbà yẹn kì í lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ti tàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ láti pọ́ọ̀tì 137, bí kò bá sì rí ìdáhùn nílé, á ní kí sáfà bá òun béèrè lọ́wọ́ DNS, ìwé orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì. DNS wà n'Íbàdàn. Sáfà, ọmọ dáadáa, á pe Ìbàdàn láti béèrè bóyá wọ́n mọ kọ̀ǹpútà kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Ìbàdàn á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Láìnì á sì wà ní ṣíṣí títí ìṣẹ́jú méjì á fi pé, bí ẹlòmíràn kò bá tún béèrè nǹkan kí ìyẹn tó pé. Wọ́n sì máa ń béèrè.

Àwọn tó mọ pppd dénú máa ń dáhùn pé kí n lo active-filter, kí n to irú ohun tó lè jí módẹ́ẹ̀mù àti èyí tí kò gbọdọ̀ jí i. Mo lò ó. Ó dín in kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dí ihò kan, òmíràn á là. Mo wá rí i pé demand ti gbé ìpinnu ìgbà tí à ń pè lé ohunkóhun tó bá ṣáà ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni kọ̀ǹpútà ń sọ jù. Mo yọ demand kúrò. Mo ní kí cron, tó ń fi aago ṣe iṣẹ́, máa pè ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní ọ̀sán, àti ní alẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ilẹ̀kùn. Èyí kò dùn létí bíi demand. Bíìlì ló dùn.

Wàyí o, tí cron bá ti pè é, ìgbà wo la ó gé e? Bí pppd bá ti wọlé tán, ó máa ń ṣe ohunkóhun tó bá wà nínú /etc/ppp/ip-up.d. Ibẹ̀ ni mo kọ iṣẹ́ náà sí: fi lẹ́tà tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́, kó èyí tó dé, kí o sì poff. Postfix ni mo fi ń rán lẹ́tà, mo ti kọ defer_transports = smtp sínú main.cf rẹ̀ kó lè máa to lẹ́tà sílẹ̀ láìsí pé ó ń wá ọ̀nà. Àṣẹ tó ń tú wọn sílẹ̀ ni sendmail -q.

Ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní láti mọ̀ nìyí: lábẹ́ Postfix, sendmail -q kì í dúró. Ó máa ń jíṣẹ́ fún ẹni tó ń bójú tó lẹ́tà pé "ó yá o," ó sì ti padà. Bí poff bá tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìnì á gé kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde. Ó yẹ kí script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí mo kọ síbẹ̀, dúró. Títí dìgbà wo? Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni títí mailq, àṣẹ tó ń to lẹ́tà tó wà nílẹ̀ hàn, á fi sọ pé kò sí lẹ́tà nílẹ̀ mọ́. Èyí burú ju àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí sáfà tó wà n'Íbàdàn bá ní kó ṣì dúró ná, á jókòó sílẹ̀ ní ìdúró, ilẹ̀ kò ní ṣófo, script á sì máa retí, láìnì á máa jẹ owó láti òru mọ́jú nítorí lẹ́tà kan tí kò ní lọ lónìí. Ohun tó tọ́ ni kí o béèrè bóyá gbogbo lẹ́tà ni wọ́n ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Nínú ohun tí mailq ń tẹ̀ jáde, lẹ́tà tí wọ́n ń gbìyànjú lọ́wọ́ ní ìràwọ̀ lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ti tán, gé e:

/usr/sbin/sendmail -q
sleep 5
while mailq | grep '^[^ ]*\*' >/dev/null
do sleep 10
done

Inú ìwé Postfix fúnra rẹ̀ ni ìlànà yìí wà, wọ́n kọ ọ́ fún àwọn tó ń lo fóònù bíi tiwa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yẹn lọ. Kò béèrè bóyá ayé ti dára. Ó béèrè bóyá a ti ṣe tiwa, ó sì ń lọ sùn.

Gbígba lẹ́tà wọlé, fetchmail ni. Rírọrùn ló rọrùn, ṣùgbọ́n ip-up kì í ṣiṣẹ́ bí èmi, bíi root, ọ̀gá àgbà kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́, kò mọ ilé mi, kò sì mọ fáìlì tó wà níbẹ̀, nítorí náà mo gbé e sí /etc/fetchmailrc mo sì fi -f tọ́ka sí i. Bákan náà, kọ ọ̀nà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní kíkún, láti /usr/bin lọ. Ọ̀pọ̀ script tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ cron, ibẹ̀ ni àrùn rẹ̀ wà.

Àmọ́ POP3, ìlànà tí fetchmail fi ń gba lẹ́tà, ní ìwà kan tó jẹ mọ́ gígé. Bí fetchmail bá gba lẹ́tà, ó máa ń sọ fún sáfà Ìbàdàn pé kó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n sáfà yẹn kì í pa nǹkan kan rẹ́ títí á fi gbọ́ QUIT, ọ̀rọ̀ ìdágbére. Bí láìnì bá já lẹ́yìn ogún lẹ́tà, kò sí QUIT, gbogbo ogún á tún padà wá nígbà mìíràn. A ní àsìkò òjò kan tí ìyá Houston rí lẹ́tà kan náà gbà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rò pé ọmọ òun ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó kan ni. Ó ti fẹ́ lọ san án. Kí n kọ expunge 5 sínú fáìlì ló tán an: lẹ́yìn lẹ́tà márùn-ún, fetchmail á sọ QUIT, á tún wọlé. Ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ṣòfò, ó sì ń dáàbò bo ohun tí a ti gbà.

Èkejì ni limit. Ọmọ ẹnìkan fi fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́ láti London, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì méjì. Lórí 28,800, nǹkan bíi kìlóbáìtì mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan la lè gbà, ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá fún fọ́tò kan, bí láìnì kò bá já. Bó bá já lágbedeméjì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo fi limit 100000 (báìtì) sí i, lẹ́tà tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní wá, á dúró n'Íbàdàn. Fetchmail á kọ ọ́ jáde pé ó wà níbẹ̀, akọ̀wé á bi oníbàárà bóyá ó fẹ́ san owó rẹ̀. Àwọn kan ń san án. Fọ́tò ìgbéyàwó ni.

Ohun kan tún wà tó dín àkókò kù, tí ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í sọ: lẹ́tà tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé kì í gba ọ̀nà ara wọn lórí módẹ́ẹ̀mù. Kò yẹ kí ọ̀kan dúró de èkejì. Mo jẹ́ kí fetchmail bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú &, kí Postfix máa ṣe tirẹ̀, kí script wait fún àwọn méjèèjì. Bí nǹkan mìíràn bá sì dojú rú, maxconnect 900 wà nínú fáìlì pppd: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pin, ẹ gé e, ohun yòówù kó máa ṣẹlẹ̀. Mo tún fi lcp-echo-interval sí i kí ó lè máa béèrè lọ́wọ́ Ìbàdàn bóyá ó ṣì wà, torí láìnì lè kú láìkú.

Ó kù X3. Láìnì kan náà ni àwọn oníbàárà fi ń gba ìpè láti òkè òkun. Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ó le. Aago ọ̀sán lù. Módẹ́ẹ̀mù tí a ti sọ fún pé kó má dúró de ohùn kankan gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà Ìbàdàn sí bàbá náà létí. Bàbá ju fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fi sínú nǹkan yìí?" Díákónì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

X3 kò ṣeé yọ, torí láìsí i kò ní pè rárá. Ó ṣeé ṣe kí a kì okùn fóònù bọ ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù, ṣùgbọ́n ìyẹn á kàn jẹ́ kí módẹ́ẹ̀mù já fóònù gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni. Ohun tí a ṣe rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣe àmì kan sójú kọ̀ǹpútà akọ̀wé, bó bá tẹ̀ ẹ́, fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ duro á jókòó sórí sáfà. Kí cron tó pè, á kọ́kọ́ wò bóyá duro wà níbẹ̀. Bó bá wà, á padà sẹ́yìn, á tún wá lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bí oníbàárà bá gbé fóònù kalẹ̀, akọ̀wé á tún un tẹ̀, fáìlì á lọ. Akọ̀wé wa gbọ́ ọ yé ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe níbẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun tí n kò rò: bó bá mọ̀ pé òun ṣì ní lẹ́tà tí òun ń tẹ̀ lọ́wọ́, á fi duro síbẹ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ yẹn lọ.

Ti iná mànàmáná, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá mú un lọ lásìkò ìpè, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì tàn, cron kì í padà wá san gbèsè. Mo fi ìlà kan sí i pé nígbàkúùgbà tí sáfà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kó wo ìgbà tó pè kẹ́yìn, bó bá ti pẹ́, kó pè. Ó tán.

Ní 2001 ni GSM dé Nàìjíríà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ láìnì ògiri lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí módẹ́ẹ̀mù USB dé, àwọn èèyàn rò pé ayé mìíràn ni. Mo ki i bọ Linux: ó kọ́kọ́ díbọ́n pé CD ni òun, títí usb_modeswitch fi tú u ní àṣírí, ó wá di /dev/ttyUSB0, módẹ́ẹ̀mù lásán, tó ń gbọ́ AT, tí pppd ń bá sọ̀rọ̀, tí chat ń fi ATD*99# pè. Ohun tó yí padà ni ohun tí wọ́n ń tà. Mẹ́gábáìtì ni wọ́n ń kà báyìí, kì í ṣe ìṣẹ́jú. maxconnect di ohun tí kò nítumọ̀ mọ́, èèyàn lè fi láìnì sílẹ̀ ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ná kọ́bọ̀, bí nǹkan kò bá kọjá. Limit ló wá di ọ̀gá. Àwọn Windows tí kò lè dákẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń béèrè orúkọ ara wọn, ìyẹn ti kéré sí ohun tí fóònù ọwọ́ yín ń ṣe lábẹ́lẹ̀ lónìí láìbéèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹnìkan tó ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìlú Ọ̀yọ́ ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún òun nígbà tó yá, kí èsì ìdánwò àti lẹ́tà àwọn òbí máa lọ lórí módẹ́ẹ̀mù USB kan ṣoṣo láìjẹ́ pé àwọn olùkọ́ ń fi dátà rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Mo gbé àwọn fáìlì ti Tákìé lọ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo yí nọ́ńbà Ìbàdàn sí *99#, mo yí ttyS0 sí ttyUSB0, mo fi while oníràwọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. X3 nìkan ni mo yọ pátápátá, torí módẹ́ẹ̀mù tuntun yìí kì í dúró de ohùn ẹnikẹ́ni kó tó pè.